Ṣé Ó Tàn?

Lọ́jọ́ tí mo kó láítà oríṣiríṣi sínú abọ́ omi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu, l'Ékòó, àwọn ará ilé gbà pé oògùn ni mò ń ṣe. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ tí kò rí ọmọ gbé pọ̀n, ta ni yóò bá a wí bó bá ń po nǹkan pọ̀ nínú abọ́? Ìyá onílé wa tilẹ̀ rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run á gbọ́," ó sì rọra padà wọlé. Mi ò ṣàlàyé fún wọn. Ojú mi wà lára láítà, mò ń dúró kí wọ́n mu omi yó kí n tó yọ wọ́n jáde, kí n wo èyí tí yóò ṣì tàn.

"Ìyàwó" ni gbogbo wọn ń pè mí. Láàárín wa, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe obìnrin tó bá ti bímọ; ẹni tí kò tíì bí, ìyàwó náà ni yóò máa jẹ́, bí irun orí rẹ̀ tilẹ̀ ń funfun. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó ń dùn mí.

Ọkọ mi ń wa yanrìn lódò Ògùn. Ọmọ Àgbòyí ni, etí omi ni wọ́n bí i sí. Òun àti ọkùnrin kan tó jẹ́ àbúrò fún un nídìí iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń lo ọkọ̀ kan: bí ẹnì kan bá mòòkùn lọ bu yanrìn pẹ̀lú korobá nísàlẹ̀ odò, ẹnìkejì á gbà á lókè, á dà á sínú ọkọ̀, wọn á sì wà á wá sí èbúté fún àwọn tó ń kọ́lé. Èmi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Mi ò mọ̀wẹ̀. Ní ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, omi tó jìn jù lọ tí mo mọ̀ ni ti kànga, okùn ló sì wà láàárín èmi àti òun.

Ní ọdún kan, òjúoró bo ojú odò, ó dí ọ̀nà mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Orí ilẹ̀ kan láàárín omi ni wọ́n sùn, òjò sì pa wọ́n mọ́jú. Ìṣáná tí wọ́n mú dání ti rin gbingbin, kò wúlò mọ́. Nígbà tí ọkọ mi fi máa wọlé, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kò lè di ife tíì mú. Ibà dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Omi kọ́ ló bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn, Ìyàwó. Òtútù ni. Ká ní a rí iná yá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò lè ní kí odò gbẹ. Mi ò lè ní kó má lọ síbi iṣẹ́ mọ́, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n iná, mo lè ra iná fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá fẹ́ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti òkè Ọya, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ wò, nítorí àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ bá ti rọ̀ ti ń jẹrà nínú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Àwọn tó ń tà á máa ń kígbe lé mi lórí, màá sì tún tẹ òmíràn wò. Ojú kan náà ni mo gbé lọ bá àbókì tó ń ta sìgá àti súìtì lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Mo ní kó kó gbogbo irú láítà tó bá ní sílẹ̀.

"Haba, Madam! Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa sìgá ni?"

"Ọkọ mi ló fẹ́ gbé e lọ sórí omi."

"Láítà na láítà. Èyí tó bá wù ẹ́, mú."

"Rárá o. Èyí tó máa bọ́ sómi tó ṣì máa tàn ni mò ń wá."

Àbókì fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. "Wallahi, kò sí láítà tó mọ̀wẹ̀!"

Mo ra ọ̀kan nínú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí èèyàn máa ń tẹ̀ tó ń dún ṣákọ́, omi ló kọ́kọ́ pa á, kò tún jí mọ́. Èyí onírin tí wọ́n ń bu bẹntiróòlù sí rẹwà lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹntiróòlù inú rẹ̀ ti gbẹ. Irú èyí kò yàtọ̀ sí ọkùnrin tó ń wọ aṣọ olówó iyebíye tí kò ní owó ọkọ̀ lápò. Ó wá ku èyí tí mi ò kà sí, láítà oníke pupa kan tí èèyàn ń rí gáàsì inú rẹ̀ láti ìta, tó ní táyà kékeré tí àtàǹpàkò ń yí lára òkúta. Mo yọ ọ́ nínú omi, mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo nù ún lára ìró mi, mo ṣá a. Kò dáhùn. Mo tún ṣá a títí àtàǹpàkò mi fi fẹ́ẹ̀ bó. Lójijì ni iná yọ, ó sì dúró. Mo pariwo, "Ó tàn!" Ìyá onílé wa sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó rò pé àdúrà ti gbà.

Mo ń rẹ́rìn-ín ara mi nísinsin yìí tí mo bá rántí bí mo ṣe yọ̀ tó. Lójú mi, mo ti ra ẹ̀mí ọkọ mi lọ́wọ́ odò.

Mo wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan tí ìdérí rẹ̀ le débi pé ìbínú ni wọ́n fi ń ṣí i. Mo kó gààrí sí i, ìró gbígbẹ kan, fèrè, àbẹ́là, àti láítà pupa náà tí mo fi ọ̀rá wé dáadáa. Nígbà tí mo gbé e síwájú ọkọ mi, ó yí i po, ó ní, "Ṣé ẹrù ìyàwó lèyí ni? Ta la fẹ́ fi fún?"

"Odò ni," mo ní. "Ọ̀gá mi, ẹ gbé e lọ."

"Ó dáa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèbúté fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Alága Oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láàárọ̀, bó bá ti kírun asubáà tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á yọ láítà náà kúrò nínú ọ̀rá, á ṣá a. Èmi tí mò ń wá bàtà ọjà mi kiri nínú yàrá á béèrè pé, "Ṣé ó tàn?" Òun á ní, "Ó tàn, Ìyàwó." Á wé e padà, á lọ. Ìdágbére wa nìyẹn. Àwọn tọkọtaya mìíràn ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àwa, láítà la fi ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dé, ọ̀sán ni ojú ọ̀run ti ṣú. Àwa tó wà lọ́jà ń fi ọ̀rá bo àpò àlùbọ́sà, ìjì ń já a gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Mo délé, ọkọ mi kò tíì dé. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fòyà. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á ti dúró síbì kan, wọ́n á ti dá iná, wọ́n á máa yá a. Mo tilẹ̀ bínú díẹ̀ pé yóò padà wá fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wá. Àgbà obìnrin kan láti ìdílé ọkọ mi ló ṣíwájú, àwọn ọkùnrin èbúté tẹ̀lé e, ẹnìkejì ọkọ mi nínú ọkọ̀ ló kẹ́yìn. Òun ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà náà lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mi ò rí ẹni tó ni ín, mo ti mọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó ná. Wọ́n ní ara ọkọ mi ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọn kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lórí. Mi ò jókòó. Mo tẹjú mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ó tàn?"

Ohùn mi ti há. Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ sí "Ṣé ó tán?" Ó di ọwọ́ mi mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, Ìyàwó wa. Ọlọ́run tó fi fún wa náà ló gbà á." Àwọn ọkùnrin yẹn sọ orí kọ́. Ẹnìkejì ọkọ mi nìkan ló gbé ojú sókè, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tí mò ń béèrè.

"Ó tàn, Aunty," ó ní. "Ṣíṣá kan péré."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ wọn kún fún yanrìn nígbà tí ìjì dé, ìgbì sì ń da omi wọ inú rẹ̀ títí ó fi rì. Iṣan fa ẹsẹ̀ ẹnìkejì ọkọ mi, kò lè wẹ̀ mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà léfòó. Ọkọ mi tì í sí i, ó ní, "Dì í mú," ó sì kọjú sí èbúté láti máa wẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tó ní òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ, mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ni wọ́n ń bá wí. Omi gbé ẹnìkejì rẹ̀ lọ sétí ilẹ̀ kan tí àwọn apẹja ní àtíbàbà sí. Ó ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi láítà dá iná sí èèpo àgbọn gbígbẹ tó bá nínú àtíbàbà náà, ó ń kó igi sí i kí iná náà lè ga, kí ọkọ mi lè rí ibi tí ilẹ̀ wà. Ó fọn fèrè títí ètè rẹ̀ fi wú. Àwọn tó ń wá wọn rí iná náà lókèèrè, wọ́n wa ọkọ̀ wá. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó torí rẹ̀ dá iná ni kò wá. Láàárín òjúoró ni wọ́n ti rí i nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ewéko tó dí i lọ́nà lọ́jọ́ kìíní ló bá wa dá a dúró lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Fún ìgbà díẹ̀, mi ò fẹ́ rí ẹnìkejì ọkọ mi sójú. Ó ń gbé oúnjẹ wá, mo ń gbà á, mi ò ń wò ó. Inú ń bí mi pé òun ló yá iná tí mo rà.

Níbi fìdáù, bàbá arúgbó kan nínú ẹbí wọn dìde láti tù mí nínú. Ó ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi òkú púpọ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ó ní, "Ẹ má sunkún jù, Ìyàwó. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú…" Ó dúró. Gbogbo wa la mọ ohun tó kù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bàbá náà wúkọ́, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, ó sì jókòó. Kò sí ẹni tó parí òwe náà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn, èyí tí wọn ò sọ ló dùn mí jù.

Nígbà tí òpó tán, mo ní kí ẹnìkejì ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbi àtíbàbà náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa wọ ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Eérú náà ṣì wà nílẹ̀, òjò ti gbá ìdajì rẹ̀ lọ. Mo fi ìka kàn án. Nígbà náà ni mo tó lè wo ojú ọkùnrin náà, mo sì rí i pé òun náà ti rù.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá bá mi nídìí àlùbọ́sà lọ́jà pé kí n bá òun yan láítà. Ó padà mú obìnrin kejì wá, ìyẹn mú ẹ̀kẹta wá. Nísinsin yìí, bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, abọ́ omi kan á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n mi, àwọn ìyàwó awayanrìn àti ti apẹja á yí mi ká. Wọ́n á kó láítà sínú rẹ̀, a ó jọ máa ṣá a. Àwọn ọmọdébìnrin tó wà láàárín wọn ló fún mi lórúkọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "Ìyá Láítà!" mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ìyá ọmọ kan ni wọ́n ń pè. Inú kọ́kọ́ bí mi. Wọ́n tún pè mí, mo sì jẹ́ ẹ. Láítà kì í ṣe ọmọ, mi ò sì tan ara mi jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó fi Ìyá ṣáájú orúkọ kankan pè mí rí.

Láítà pupa yẹn ń bẹ lọ́dọ̀ mi. Gáàsì rẹ̀ kò sí mọ́, tipẹ́tipẹ́. Láàárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣá a. Òkúta rẹ̀ á ta pàrà, kò ní í mú iná. Kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi láti inú yàrá tàbí láti ìta. Bí ẹnì kan bá béèrè, mi ò ní purọ́ fún un. Ó tán. Ṣùgbọ́n ó tàn.