Jímọ́ọ̀ Tí A Kò Padà sí Sydenham

Àǹtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, àwọn ni wọ́n mú mi wọ iṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni a ń lọ ní Peckham, ẹ̀gbẹ́ ara wa ni a sì máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo ṣì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kiri, àwọn ni wọ́n ní kí n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kí n wá bá àwọn ní Sydenham, ní ilé tí àwọn ti ń ṣe máníjà. Mo ṣàdúrà fún wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Bí àdúrà bá ṣeé gbà padà ni, ǹ bá ti gba tèmi padà tipẹ́.

Àwọn Júù ló ni ilé náà. Àwọn àgbàlagbà Júù tí nǹkan kì í tètè yé láti kékeré ló ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n lè se oúnjẹ, kí wọ́n lè wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì lè gbé ayé wọn bó ṣe wù wọ́n. Mùsùlùmí ni Àǹtí bíi tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àṣà àwọn Júù dunjú. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé ìkòkò ẹran àti ìkòkò mílíìkì kì í jọ wọ síǹkì kan náà. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi pé tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí wọ́n sì ti tan àbẹ́là, Sábáàtì ti wọlé nìyẹn: kò sí pé à ń wọ mọ́tò, kò sí pé à ń tan iná tàbí pé à ń pa á, àfi tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣú. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá, pé bí n kò ṣe ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà gun orí ẹní ìkírun mi, bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe sí tiwọn.

Ọkùnrin kan wà nínú ilé náà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, torí náà ẹgbẹ́ mi ni mo máa ń pè é nínú ọkàn mi, ohun tí màá sì pè é níhìn-ín nìyẹn. Kò mọ aago wò, kò sì mọ owó kà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ti fi Sábáàtì kọ́ ọ láti kékeré, kò sì jẹ́ ré e kọjá. Ó ní yàrá tirẹ̀ tó kọjú sí ọgbà. Ó ní ìjókòó tirẹ̀ nínú sínágọ́gù kékeré kan tí kò jìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń bá a ṣí ìwé sí ojú ewé tó yẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀ wà, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Èmi ni mo máa ń mú un jáde. Ó fẹ́ràn ọjà Rye Lane ju ibikíbi lọ, nítorí ẹja. Á dúró níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja, á nawọ́ sí èyí tó ní ìpẹ́, á ní, "Èyí, bẹ́ẹ̀ ni." Tó bá kan ẹja àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́, èyí tí àwọn Júù kì í jẹ, á fa ojú ro, á ní, "Èyí, rárá." Ẹlẹ́ja á máa bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹja àrọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní gbà. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni, kí a tó jáde, á kọ́kọ́ bi mí bóyá a máa délé kí wọ́n tó tan àbẹ́là. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, a sì máa ń délé.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé sọ pé àwọn fẹ́ tì í. Wọ́n ní àwọn ti rí ilé mìíràn ní àríwá London, níbi tí àwọn Júù pọ̀ sí. Àwọn yòókù gbà láti lọ. Wọ́n mú ẹgbẹ́ mi lọ wo ibẹ̀, ó wò ó, ó sì padà wálé. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àwọn tó wá láti council, ìjọba ìbílẹ̀, ó ní, "Rárá. Sydenham ni ilé mi." Wọ́n tún un béèrè lóríṣiríṣi ọ̀nà, ohun kan náà ló ń sọ, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tẹ orí ba.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, Àǹtí bá mi ní ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Fọkàn balẹ̀, wọ́n ti drop ẹ̀. Council máa wá flat fún un ní Sydenham níbí, àwa náà la ṣì máa support ẹ̀." Mo lọ sọ fún un. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń mì ín títí ó fi fẹ́ yọ lápá.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni, nígbà òtútù. Àwọn yòókù ti kó lọ nígbà yẹn, ó ku ẹgbẹ́ mi nìkan tó ń dúró de flat. Àǹtí ní wọ́n ń ṣàárò rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé kí n mú un lọ bá wọn jẹun ọ̀sán, takisí máa gbé wa lọ, takisí máa gbé wa bọ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ àbẹ́là lọ́wọ́ mi, ó sì tún béèrè lọ́wọ́ Àǹtí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ní a ó ti padà dé tipẹ́tipẹ́ kí àkókò àbẹ́là tó tó. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. A jẹun, oúnjẹ náà dùn. Nígbà tí a jẹun tán, a ń retí takisí. Mo pe Àǹtí, wọ́n ní, "Ó ti wà lọ́nà, traffic ni." Mo tún pè, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ìgbà tí mo pè lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gbé e mọ́. Ẹgbẹ́ mi ti wọ kóòtù, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Obìnrin kan gbé àbẹ́là sórí tábìlì, ó tàn án, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ṣàdúrà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni awakọ̀ takisí kanlẹ̀kùn. Awakọ̀ náà ní àkókò tí wọ́n sọ fún òun gan-an lòun dé, àti pé ẹnì kan ṣoṣo lòun wá gbé. Orúkọ tèmi ló pè.

Mo di ẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ mú, mo ní ó yá, ká máa lọ. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Sábáàtì ti wọlé." Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan. Kúbùsù rẹ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, fọ́tò ìyá rẹ̀ wà lára ògiri, rédíò rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Bí a ṣe ń jẹun ni wọ́n ń kó o wọlé láti Sydenham. Ó wo gbogbo rẹ̀ yíká, ó wá yí sí mi.

Ó ní, "O sọ pé a máa padà."

Mo ní n ò mọ̀. Mo búra. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, lóhùn kan náà.

Inú takisí ni ohun tí wọ́n ṣe ti yé mi, mo sì sunkún ìbínú débi pé awakọ̀ pa rédíò rẹ̀. Ká ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n mú un lọ, ì bá pariwo, ì bá jókòó sínú mọ́tò kó má sọ̀ kalẹ̀, wọn ì bá sì gbé e padà. Wọ́n wá mú ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní wọ mọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìgbọràn rẹ̀ sí Ọlọ́run ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀, ẹni tó sì kọ́ mi ní Sábáàtì ló ṣètò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àǹtí nílé ní Walworth. Wọ́n ń bó iṣu.

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé takisí yẹn ò ní dé kí Sábáàtì tó wọlé?"

"Èmi ni mo book ẹ̀. Jókòó ná."

Mi ò jókòó.

"Family ẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó yá, kí ni ká ṣe? Ká pe police kí wọ́n wá fà á jáde ni? This way, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. By Sunday, á ti settle."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá mú un lọ?"

"Rárá, mi ò ní mú un lọ."

"Ehn. Ta ló máa wá mú un lọ? Ọ̀rọ̀ tìẹ nìkan ló gbà gbọ́."

Bí ẹni ń yìn mí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n sì ń bó iṣu wọn lọ. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì dẹ̀yìn. Mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní mọ́ṣáláṣí, sàfù mìíràn, ìyẹn ìlà ìkírun mìíràn, ni mo ń wá lọ. Tí wọ́n bá sálámà sí mi, mò ń dáhùn, torí pé dandan ni nínú ẹ̀sìn wa.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo lọ kí ẹgbẹ́ mi. N kò ní parọ́, ara rẹ̀ le. Sínágọ́gù ńlá wà nítòsí, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn, inú mi sì ń bí mi pé ó dáa fún un, torí mo mọ ẹni tí yóò máa fi yangàn. Ó kí mi dáadáa, bí ó ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Mo ní ká lọ mu tíì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ́nà, ká tètè padà.

Ó mú kóòtù rẹ̀. Ó tún mú kóòtù mìíràn kúrò lára ìkọ́, ó gbé e fún obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ níbẹ̀, ó ní kí ó máa bá wa kálọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá mú un jáde. Ẹgbẹ́ mi ní òun mọ̀. Ó dúró tì í títí obìnrin náà fi de bọ́tìnnì kóòtù náà tán. Àwọn méjèèjì ló ṣáájú, ó di apá aṣọ obìnrin náà mú, èmi sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.