Ọkọ̀ Tí Ń Tanná Lọ́sàn-án

Tòkunbọ̀ láti Kánádà ni ọkọ̀ mi, ó sì gbé ìwà ibẹ̀ wá: lọ́dọ̀ wọn, mọ́tò kì í rìn lọ́sàn-án láìtanná. Bí mo bá ti ṣíná sí i, tí mo sọ búréèkì ọwọ́ sílẹ̀, iná iwájú méjèèjì á tàn yàà. Kò sí bọ́tìnnì tí mo lè fi pa á.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òyè, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Àpótí dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló wà nídìí rẹ̀. Rílè ni wọ́n ń pè é. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ irin. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, iná díẹ̀ á gba inú wáyà yẹn kọjá, irin á di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra. Bí ìyẹn bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà là fún iná ńlá láti inú bátìrì dé gílóòbù. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, òòfà á tú, iná á kú. Iná kékeré ló ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyẹn fún lójú títì? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó tanná lọ́sàn-án gbà pé awakọ̀ ló gbàgbé. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Dandan ni kó kìlọ̀ fún un kí bátìrì má baà kú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́: wọn á pa ìka pọ̀, wọn á là á, wọn á tún pa á pọ̀. Ọlọ́kadà ń ṣe é, onítakisí ń ṣe é, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó ru igi ìdáná fi ọwọ́ kan di ẹrù mú, ó fi ìkejì ṣe é sí mi, díẹ̀ ló kù kí igi dà lé e lórí. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo yà sọ́dọ̀ riwáyà tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe, mo ní kó yọ rílè náà kúrò.

"Tísà, kò mà bàjẹ́ o," ó ní.

"Ṣáà yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Iná alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ayédé kí oòrùn tó wọ̀. Òun nìkan ló ń gbé ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Kí n tó yà kúrò lójú títì, yóò ti dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, yóò máa juwọ́ sí mi. Mo máa ń fi yangàn lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé ojú ìyá mi mú ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe ọwọ́ sí mi lọ́nà. Inú mi dùn délé. Ìyá mi jókòó, kò dìde. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn títí tó fi ku ẹsẹ̀ mẹ́ta kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, mo rò pé ó fẹ́ bá mi ṣeré ni. Ó gbójú sókè, ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò:

"Ẹ kúurọ̀lẹ́ o. Èmi nìkan ni mo wà nínú ulé o. Yèsí ẹ̀ ń wá?" Èmi ọmọ rẹ̀ ló ń bi pé ta ni mò ń wá.

"Màámi, èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà lòun ń ṣe. Mi ò bá a rín in. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Uná ọkọ̀ rẹ dà?"

Mo jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀ ló jẹ́wọ́. Ó ti tó ọdún kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ló rí bákan náà lójú rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó ń tanná lọ́sàn-án. Ìyẹn ló fi ń mọ̀ pé ọmọ òun ti dé.

"Bí mo bá sọ fún ọ, o ó kó mi kúrò nínú ulé bàbá rẹ lọ sí Òyè," ó ní. "Níbí, mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

Mo sunkún, mi ò ní í purọ́. Èmi tí mo mọ gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà nínú wáyà, mi ò mọ̀ pé ìyá tó bí mi kò rí mi mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, riwáyà dá rílè padà sáyè rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, a lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò títí, ó ní èyí tó ti lọ kò ní í padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dáàbò bo èyí tó kù, bí a kò bá pa á jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Màámi dì mí lápá mú jáde. Mo mọ ohun tó ń retí, pé n ó ní ká kó lọ sí Òyè. Mo sọ fún un pé èmi ni n ó kó ẹrù mi wá sí Ayédé, ibẹ̀ ni n ó ti máa lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kán oògùn náà sí i lójú, ó gbórí lé itan mi, ó dijú bí dókítà ṣe wí. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń fi wá ojú mi kiri: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n.

"O mà ti rù o," ó ní. "Láti ìgbà wo?"

Mo ní ó ti tó ọdún kan. Kò gbọ́wọ́ kúrò, èmi náà kò sì dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ lù.