Ojú Kan Ṣoṣo Tó Ṣẹ́kù fún Mi

Láti ìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti gba ojú òsì mi, mi ò fi ojú ọ̀tún ṣeré mọ́. Tí atẹ́gùn Chicago bá ti ń fẹ́, ọwọ́ ni mo máa ń fi bò ó. Nígbà tí nǹkan dúdú wínníwínní wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò níwájú rẹ̀ bí kòkòrò inú omi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, á di òótọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ojú mi pé. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ojú, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wo èèyàn kí ọ̀gá tó dé. Ọmọbìnrin kan ló wọlé wá bá mi. Ọmọ Yorùbá ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ohùn Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti òyìnbó. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi, ó kán oògùn sí mi lójú. Kò pẹ́, yàrá náà di ìkùukùu. Iná òkè là bí òdòdó, aṣọ funfun rẹ̀ sì ń léfòó kiri.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń rí nǹkan tó ń fò?"

"Rárá o. Alhamdulillahi, a dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì tèmi kán lẹ́sẹ̀, a dúpẹ́ náà ni wọ́n ń sọ fún dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n féèlì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, òótọ́ sì tẹ̀ lé e. "Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún, ọmọ mi."

Ó tan iná sínú ojú náà, ó ní kí n wo etí òun, kí n wo ilẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin òyìnbó kan tó ti hewú, wọlé, òun náà wò ó, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ọmọ náà rọra ní kó tún wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òótọ́ ni ọmọ náà rí. Awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú mi ti ya bíńtín. Tí ó bá ṣí kúrò, mo di afọ́jú. Iná léésà ni wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀gá bi mí bóyá mo gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é, kí òun dúró tì í. Mo fi ọwọ́ bo ojú náà, lẹ́yìn náà mo ní:

"Ẹni tó rí i ni kó lẹ̀ ẹ́."

Iná àwọ̀ ewé ń bù yẹ̀rì, ó ń ta mí. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo di àwọ̀ àlùkò, bí ìgbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀ odò. Mi ò rí nǹkan kan. Mo di àga mú, mo ń ṣàdúrà. Díẹ̀díẹ̀, nǹkan funfun kan yọ níwájú mi: eyín ọmọ náà ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí," mo ní, "o mà léjí o!"