Àmọ̀kẹ́ Gé Èènì

Mi ò fẹ́ràn ariwo. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó ni mí, ìwé àti bírò ni mò ń tà ní Isikan, ní Àkúrẹ́. Ìgbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù, ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún ni aládùúgbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọlọ́run rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní Àmọ̀kẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ògiri kan ló wà láàárín wa. Bí Àmọ̀kẹ́ bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, bírò á máa yí lórí tábìlì mi níhìn-ín. Gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì ló ń tà. Àdìsá ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀dó sí Àkúrẹ́, débi pé bí Àmọ̀kẹ́ bá ń bínú, èdè Àkúrẹ́ ló fi ń bú èèyàn, bó bá wá di àdúrà, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Obìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀. Bó bá kí ọ, o ó mọ̀ pé wọ́n kí ọ. Bó bá fún ọ ní èènì, kì í ṣe èyí tí àwọn mìíràn ń fi ọmọ ìka mẹ́ta bù bí ẹni ń bu iyọ̀. Yóò wọn gàrí kún kóńgò, yóò dà á sínú ọ̀rá rẹ, yóò wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò gàrí, yóò kó o jọ gẹlẹtẹ, yóò dà á lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kọjá lójú ṣọ́ọ̀bù onígàrí mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ọjà wá dákẹ́. Owó epo ọkọ̀ ti fò sókè, ó sì ti fa gbogbo nǹkan tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹni tó ń ra kóńgò gàrí márùn-ún wá ń ra méjì, ẹni tó ń ra méjì wá ń bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun pín ẹyọ kan sí ọ̀nà méjì. Àárín ìgbà yìí gan-an ni Bàbá Ọlọ́runníyì, onílé wa, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Àmọ̀kẹ́. Ó ní owó ṣọ́ọ̀bù ti gòkè. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fi ibẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ò jẹ́ kí òun gbádùn.

"Ulé mi kì í ṣe ulé ọ̀fẹ́, Àmọ̀kẹ́," ni Bàbá wí. "Bí Iléyá bá dé tí n ò rí owó mi, kó ẹrù rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lásán lójú rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà káàkiri ọjà Àkúrẹ́ ń wò ó, bó bá sì kó ẹrù jáde níbẹ̀, ìròyìn á ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú rẹ̀ pé Àmọ̀kẹ́ ti kógbá sílé. Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù, ó sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò.

"Tíṣà, mo fẹ́ gé ìnáwó."

"Èwo lo fẹ́ gé níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

Ó gé e lóòótọ́. Ó gé ọ̀kadà, ó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé. Ó gé omi inú ọ̀rá, ó ń gbé omi ilé wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó gé jẹnẹrétọ̀, ó ní gàrí ò nílò iná kó tó mọ̀ pé gàrí ni òun. Ó gé owó onídìrí, ó ní ìbòrí ló wà lórí òun, ta ló ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò? Ó wá gé ẹran nínú ọbẹ̀. Àdìsá kò bá a jà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbi iṣẹ́ ni, àṣé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ló ń yà sí kó tó wálé. Nígbà tí àṣírí tú, Àmọ̀kẹ́ wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ò rí nǹkan. Ìnáwó tí mo gé nílé ti lọ hù sójú títì."

Ẹ má rò pé ó ń banú jẹ́ o. Inú rẹ̀ ń dùn bí inú ọdẹ tó rí ẹsẹ̀ ẹran. Àràárọ̀ ló ń yọjú sí mi, ojú rẹ̀ á máa dán, á ní, "Mo tún ti rí ọ̀kan." Ó sì ràn mí. Èmi náà gé owó ìwé ìròyìn, mo gé ìpápánu ọ̀sán, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sápọ́n. Mo rántí pé n kò tíì gbádùn àìlówó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àfìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tó wọlé, tó ní, "Tíṣà, mo ti mú olè tó ń jà mí."

"Ta ni?"

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. "Àwọn yìí ni. Èènì."

Inú bí mi, mi ò purọ́. Mo ní, "Àmọ̀kẹ́, ẹran tí o gé, inú ìkòkò rẹ lo ti yọ ọ́. Èènì kì í ṣe tìẹ. Ti oníbàárà ni."

"Gàrí ta ni wọ́n fi ń ṣe é?"

"Gé e, kí o rí i," ni mo wí, mo sì kọjú sí ìwé mi. A kò ju ká kí ara wa lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ bí mo ti ń fẹ́ ẹ látijọ́, kò sì dùn mọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó bá Àmọ̀kẹ́ jà nítorí èènì. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n á gba gàrí tán, wọ́n á ṣí ẹnu ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n á máa dúró. Àmọ̀kẹ́ á gbójú sókè, á máa wo àjà. Wọ́n á tún dúró díẹ̀, wọ́n á pa ẹnu ọ̀rá dé, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Ó dàbọ̀ àwọn mìíràn nínú wọn kò ní àbọ̀.

Oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù ni Màmá Tolúwalọpẹ́, ará Oǹdó tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ ò ní kọjá kí obìnrin náà má wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ wá ra gàrí lápò lápò. Kóńgò tó kún rẹ́rẹ́ ni Àmọ̀kẹ́ máa ń fi ṣe èènì lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó gé e, Màmá wo àpò, ó wo Àmọ̀kẹ́, ó sanwó, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ò rí i. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, a ò rí i. Ohun tí obìnrin yẹn nìkan ń rà ju gbogbo ohun tí Isikan ń rà lọ, Iléyá sì ń sún mọ́lé.

Àmọ̀kẹ́ wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sórí páálí ìwé mi. "Tíṣà, mo ti gé ibi tí kì í ṣe gígé."

Mi ò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ọ." Ó wà lẹ́nu mi o, mo gbé e mì. Ilé Màmá Tolúwalọpẹ́ kò jìnnà sí ilé bàbá mi, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ bí mo bá wálé. Mo ní, "Wọ bàtà rẹ, jẹ́ ká lọ."

Ó gbé ìdajì àpò gàrí kan dání, ó ní gbogbo èènì tí òun jẹ Màmá nìyẹn. Awakọ̀ ní dandan òun á gba owó ẹrù, Àmọ̀kẹ́ ní kò sí, ó gbé àpò náà lé itan, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ. Báyìí la ṣe ń lọ títí a fi dé Bọ́lọ́rundúró, tí ọkọ̀ dúró láti já èrò sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀, wọ́n ń di gàrí sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Obìnrin tó dúró tì wọ́n, tó ń nawọ́ síbí tó ń nawọ́ sọ́hùn-ún, Ìyá Joy ni, ẹni tó ń já gàrí fún Àmọ̀kẹ́ ní Àkúrẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti fowó lé gàrí ló máa ń sọ pé, "Ibi tí mo ti ń kó o jìn o, Àmọ̀kẹ́, ọ̀nà ò sì dáa."

Àmọ̀kẹ́ wo òkùn pupa tí wọ́n fi rán ẹnu àwọn àpò tó wà nílẹ̀. Ó wo òkùn pupa tó wà lẹ́nu àpò orí itan rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án.

"Tíṣà, ibí ni gàrí yìí ti wá."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Láti ibí ló ti lọ sí Àkúrẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó tún wá ń kọjá níbí lọ sí Oǹdó." Àwọn èrò ọkọ̀ ti ń gbọ́ wa. "Tíṣà, gàrí yìí ti wọ mọ́tò jù mí lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa bá a rín in, awakọ̀ náà bá a rín in, kí a tó kúrò níbẹ̀ gbogbo ọkọ̀ ti gbà á bí orin. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ibẹ̀ dé Oǹdó, Àmọ̀kẹ́ kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń na ìka sí ojú fèrèsé, ó ń bi mí pé ṣé a ti dé. Kò jìn rárá lóòótọ́.

Ẹ̀yìnkùlé la bá Màmá Tolúwalọpẹ́ níbi tó ti ń fọ ìkòkò ńlá. Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé àpò síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Dìde jàre," ni Màmá wí. "Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bínú?"

"Ẹ ò wá mọ́, Màmá."

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe? Iye tí gàrí wà ní Oǹdó, iye náà ló wà ní Àkúrẹ́. Èènì rẹ ni mò ń fi bo owó mọ́tò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni èrè mi. Nígbà tí o wá gé èènì, o ti gé ọ̀nà nìyẹn."

Mo wo Àmọ̀kẹ́. Mo ti rò pé yóò sunkún. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ kúrò ní eékún rẹ̀.

"Màmá, bí gàrí bá ń wá bá yín nínú ilé yìí ńkọ́?"

"Ta ni yóò máa gbé e wá?"

"Èmi ni."

"Láti Àkúrẹ́?"

"Gàrí ò sí ní Àkúrẹ́, Màmá. Bọ́lọ́rundúró ni gàrí wà."

Màmá gbé ìkòkò sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti ránṣẹ́ pe olóúnjẹ mìíràn ní ojúlé kejì, ìyẹn náà ní òun mọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti ń ti ẹnu dé ẹnu. Ìgbà tí à ń padà, Àmọ̀kẹ́ mú mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Èéfín àwọn tó ń yan gàrí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àbídèmí, ọ̀kan nínú wọn, òun àti Àmọ̀kẹ́ sì nájà níbẹ̀ títí ohùn àwọn méjèèjì fi há. Owó ẹran tí Àdìsá kò rí jẹ, owó ọ̀kadà, owó irun, gbogbo rẹ̀ ló kó jọ tó fi ra ẹrù àkọ́kọ́. Ẹrù náà kò sun Oǹdó kó tó tán.

Láti ìgbà náà, ńṣe ni inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo ń ta gàrí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó èènì fún wọn ní Oǹdó bíi ti àtijọ́. Bí mo bá jí, mà á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù kí n tó gbàdúrà. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, owó ṣọ́ọ̀bù ti pé, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bá onílé. Ayọ̀ ni mo fi wọ bàtà.

Bàbá Ọlọ́runníyì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kí i. Àmọ̀kẹ́ kò tíì la ẹnu tó fi wúkọ́, ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin onítẹ́tẹ́ yẹn ti gba ibòmíràn. Ó ní òun ti rò ó, ọjà ò tà, òun kì í ṣe ìkà.

"San iye tí o ń san tẹ́lẹ̀," ni Bàbá wí. "Máa ṣe uṣẹ́ rẹ lọ."

Mo fọwọ́ kan Àmọ̀kẹ́ léjìká, mo fẹ́ kó tètè dúpẹ́ kí Bàbá má baà yí ọkàn padà. Ó dúpẹ́ lóòótọ́, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló mú jáde, ó sì rọra gbé e sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Èmi àti Bàbá jọ ń wo kọ́kọ́rọ́ náà.

"Wọ́n á ní o ti kógbá sílé," ni mo wí. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni.

"Kí wọ́n wá ra gàrí ní Oǹdó kí wọ́n tó sọ ọ́," ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Mo ní san ti tẹ́lẹ̀. Àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá, ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tí mo gé tẹ́lẹ̀, nítorí kí n má baà gé ṣọ́ọ̀bù yìí ni." Ó dìde dúró. "Mo ti gé e."