Iná Tí Kò Gbọ́ Ohùn Mi

Ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Bó bá fẹ́ kà á, kó kà á.

Ọdún tí ariwo tún gba Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù yìí pé wọ́n fẹ́ gé iye owó sẹfà tí à ń ná sí méjì bíi ti ìjọ́sí, ni wọ́n dá bàbá rẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mo la ti àkọ́kọ́ já, ẹ̀rù ò bà mí. Òun ní ká dín ẹnu tó ń jẹun kù nílé. Ẹnu ta ni? Tèmi ni!

"Màmá, la crise ni, ìlú le. Ẹ jẹ́ ká dá yín padà sí Nàìjíríà."

Lórí ìdúró ló ti sọ ọ́, ọwọ́ nínú àpò. Àna mi! Wọ́n bí i sí Gàbọ́ọ̀nù, ṣé ìyẹn ni ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe lè tẹ̀?

Ó wá ra gílóòbù tó ń pa àwọ̀ dà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ níbi tí mo ti ń kírun. Ó fẹ́ máa tà á fún àwọn tó ní ilé ọtí ní àdúgbò Rio níbí. Orin bá ti ń dún nínú kọ̀ǹpútà, iná á máa jó: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Mo pariwo mọ́ ọn títí, kò mira. Ìwọ lo sọ fún mi pé ohùn tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde nìkan ló ń gbọ́. Ó dáa! Nínú ilé tí wọ́n ti ń lé mi, iná pàápàá ò kà mí sí.

Nígbà tó ní yàrá mi ló máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, mo pè ọ́. Mo ní kí o gba ohùn mi sínú fóònù, kí o gbé e sínú kọ̀ǹpútà. O ṣe é, ẹ̀rín ń pa ọ́.

Ọ̀sán ni oníbàárà rẹ̀ dé. Bàbá rẹ fa kọ́tìnnì dí fèrèsé kí iná lè hàn. Faransé ni wọ́n ń sọ. Kò mọ̀ pé Nàgó, Yorùbá ará Bẹ̀nẹ̀, ni ọkùnrin náà. Bàbá rẹ ní kí o tẹ orin. Ohùn mi ni o tẹ̀.

"Ìwọ àna tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ìdúró, ta ló fún ọ níyàwó? Yàrá tí o fẹ́ gbà, ibẹ̀ ni mo ti wẹ àwọn ọmọ rẹ. Bí o bá lé mi, ọmọ tìrẹ náà á lé ọ!"

Bí mo ṣe ń gbé ohùn sókè, pálọ̀ ń pọ́n. Bí mo bá mí, á ṣú.

Bàbá rẹ sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ n gbọ́." Yorùbá ló fi sọ ọ́! Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o." Ó dìde, ó kọjú sí bàbá rẹ. "Iná ẹ dáa. Àmọ́ mi ò lè bá ẹni tó ń lé ìyá ìyàwó ẹ̀ dòwò pọ̀. Ṣé wọ́n ń lọ ni, àbí wọn ò lọ?"

"Wọn ò lọ."

"Èmi kọ́. Àwọn ni kó o sọ fún."

Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀, iná ṣì ń pọ́n lé e lẹ́yìn. "Màmá, ẹ má bínú. Yàrá yín ni."

Mi ò sọ pé kó dìde. Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Inú ẹ̀ náà la wà yìí. Bó bá tún kan ilẹ̀kùn, má dá a lóhùn. Kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ níta.