Gàrí tí Mùínátù Gbé Fún Ọkọ̀ Ràdà

Ó ti tó ogún ọdún tí Mùínátù, aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń sá láfún sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Onínúfùfù ni. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ wa ọkọ̀ ràdà wá síbẹ̀, tí abọ́ ńlá ń yí lórí rẹ̀, ó gbà pé iṣẹ́ òjò dídá dúró ni wọ́n ń ṣe. Ló bá bu gàrí lọ fún Joel, ọ̀gá wọn, pé kó bá òun dá ti òní dúró.

Joel ní, "Màmá, a kì í dá a dúró, rírí la máa ń rí i lókèèrè. Ìjì ń bọ̀ láti ọ̀nà Oǹdó. Kò ní pé wákàtí kan."

Oòrùn ṣì ń pani. Mùínátù pòṣé, ó gba gàrí rẹ̀ padà.

"Ẹni tó rí olè tí kò lè mú un, kí ló wúlò fún?"

Síbẹ̀, bó ti ń kùn ló ń kó láfún, mo sì bá a kó o wọ kíláàsì. Bá a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni ìjì dé, ó gbé ẹní tó ń sá a lé lọ sórí igi. Omi ò kan láfún rárá.

Nígbà tí òjò dá, Mùínátù mí kanlẹ̀, ó gbé gàrí padà lọ fún Joel.

"Gbà, ọmọ mi. Ẹni tó tètè pariwo olè, ó ti mú un."