Ọwọ́ Màmá Lórí Àyà Mi

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú àyà mi, nítorí àlàyé tí kò kún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ihò kan wà nínú ọkàn mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì ni àwọn dókítà tó là mí láyà, tí wọ́n rán ihò náà pa. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n rán gan-an ni ọ̀nà tí òkè ọkàn ń gbà ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà, ọ̀nà náà sì bàjẹ́. Òkè ń pè, ìsàlẹ̀ kò gbọ́. Ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, tí kò ju bisikíìtì lọ, sábẹ́ awọ àyà mi lápá òsì. Wáyà tín-ín-rín ti ara rẹ̀ wọ inú ọkàn lọ. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ fún ọkàn mi pé kó lù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Èmi dùbúlẹ̀ sí yàrá kan tí a háyà ní Ajíbọ́dé, mo ń gbọ́ ọkàn mi. Kì í ṣe pé mo kàn ń bẹ̀rù ikú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè fi ọkàn mi sílẹ̀ kí n gbàgbé rẹ̀ bí àwọn èèyàn yòókù ti ń gbàgbé tiwọn. Tí mo bá ń jẹun, mò ń gbọ́ ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ìdajì etí mi wà nínú àyà. Nígbà tí ìyá mi rí i pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí àwọn jókòó tì mí, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tiwọn, lábúlé kan ní apá Lágelú.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ Màmá. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, ọmọ tínú ń run, abiyamọ tára ń ro, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá. Òrí ni Màmá fi ń wọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì ọjọ́ tí mo dé, Màmá rí ibi tó yọ lábẹ́ awọ àyà mi.

"Ẹ̀jẹ̀ ló sá jọ síbí," ni wọ́n wí. "Wọ́n là á tán, wọn ò fún un dànù."

"Màmá, ẹ rọra o."

"Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ọwọ́ yìí ló na apá ìyá ẹ nígbà tó já lórí igi ìbẹ́pẹ. Jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ mi."

Ìyá mi ti sọ fún wọn lórí fóònù pé ẹ̀rọ wà nínú ọkàn mi. Inú ọkàn, níbi tójú ò tó, ni Màmá gbé ẹ̀rọ náà sí lọ́kàn ara wọn. Èyí tójú wọn rí, wíwú lásán ni. Èmi ní tèmi rò pé ẹ̀jẹ̀ tó sá jọ yí ẹ̀rọ náà ká ni wọ́n ń sọ, pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ìrọ̀lẹ́ dé, wọn á fi òrí ra á, wọn á máa tì í yípo, bí wọ́n ṣe ń ṣe wíwú kí ẹ̀jẹ̀ lè tú ká. Mo sì gbádùn rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti là mí, ńṣe ni gbogbo èèyàn ń ṣe bíi pé mo máa fọ́. Ọwọ́ Màmá nìkan ni kò bẹ̀rù mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń bó ẹ̀gúsí, ni òsúkè bá mú mi. Kò tètè lọ. Ẹran àyà mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́n-ún lábẹ́ aṣọ.

"Ẹran ta lo jí jẹ?" Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa òwú kan yọ létí ìró wọn, wọ́n fi itọ́ rin ín, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìkókó.

Obìnrin kan tó ń gbé nínú agbo ilé wa ń kọjá lọ. "Ẹ gbà mí! Yunifásítì pẹ̀lú òwú lórí! Ṣé kí n bá yín pọ̀n ọ́n ni, Màmá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mò ń rín lọ́wọ́ tí ẹ̀gúsí inú igbá fi jìnnà sí mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣubú.

Àbúrò ìyá mi gbé mi sáàárín òun àti Màmá lórí ọ̀kadà títí dé títì, ibẹ̀ la ti wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù. Nínú fọ́tò inú àyà tí wọ́n yà fún mi, wáyà náà ti wé mọ́ ẹ̀rọ bí okùn mọ́ èèkàn. Orí rẹ̀ ti fà kúrò níbi tí wọ́n fi sí, ó wá ń gún iṣan tí a fi ń mí. Òsúkè mi nìyẹn.

"Ta ló ń yí ẹ̀rọ yìí?" dókítà bi mí. "Ṣé ìwọ fúnra ẹ ni?"

Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dáhùn. "Ẹ̀rọ wo?"

Dókítà nawọ́ sí àyà mi.

"Ibi tó wú yẹn ńkọ́?"

"Kò wú, Màmá. Ẹ̀rọ náà nìyẹn."

Màmá wo ọwọ́ wọn méjèèjì. Wọ́n ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ hìjáàbù títí tí àwọn dókítà fi gbé mi wọlé lọ là.

Àwọn dókítà ti tún wáyà náà ṣe. Dókítà ní tó bá tún yẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkàn mi má dá lù fúnra rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn yẹn ni mò ń bá jí, òun ni mò ń bá sùn. Abúlé náà ni mo padà sí, ṣùgbọ́n Màmá kì í fọwọ́ kàn mí mọ́. Obìnrin kan gbé ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ yẹ̀ wá, wọ́n ní kó máa gbé e lọ sí ọsibítù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òrí bá mi ra ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ tó jìnnà sí àyà.

"Ọkọ mi, má bẹ̀ mí."

Mo sunkún bí ọmọdé, torí pé tí ọwọ́ yẹn náà bá ń bẹ̀rù mi, kò ku ẹni tí mo lè sá bá.

Lọ́sàn-án, tí mo bá dùbúlẹ̀, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn lẹ́yìn.

"Ṣé ó ń lù?"

Mo máa tẹ́tí. "Ó ń lù, Màmá."

"Jọ̀ọ́, tún gbọ́ ọ wò."

Mo tún tẹ́tí, ẹ̀rù sì ń bà mí.